Ìwé Oníyọ̀ Tí Mo Kà Sí Wọn Létí

Kabba. Sátidé, 5 Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 1957

Ọyẹ́ mú tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi rí òkè láti ojú fèrèsé ilé ẹ̀kọ́. Ètè gbogbo wa ti sán, Rhoda aya mi sì pín òrí fún wa kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ Ìwé pé lónìí, àwa márààrún. Bí a ti máa ń ṣe, kálukú sọ ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti èyí tó fẹ́ kí ẹlòmíràn kà. Bámgbóṣé tó ń ṣiṣẹ́ ní oko ìjọba ṣì wà lórí ìwé kọfí rẹ̀. Ó ní ó dùn ju ìtàn lọ, kò sì sí ẹni tó gbà á gbọ́. Sarah, olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, ń ka ìwé obìnrin kan tó fi ẹsẹ̀ rìn la aṣálẹ̀ já. Rhoda ní èyí tí òun bẹ̀rẹ̀ nígbà ìkórè kò tíì tán nítorí Mary ọmọ wa kì í jẹ́ kí òun jókòó.

Ìbítóyè ló dùn jù. Ìwé oyin ló mú wá, ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ṣàlàyé bí oyin ṣe ń jó láti fi ibi tí òdòdó wà han àwọn yòókù. Ó fi ìka ṣe ijó náà fún wa lórí tábìlì. Èmi ni ọ̀gá rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n bí a bá ní ká sọ ìwé fún èèyàn kí ó wọ̀ ọ́ lára, n kò tó o. Ojú Sarah kò kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn Àjíǹde ni ìgbéyàwó wọn.

Ó kàn mí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìwé Oníyọ̀, ìtàn ọkùnrin kan tó ń ta iyọ̀ láti ìlú dé ìlú, ni màá kà fún wọn.

Mọ́ńdè, 7 Ṣẹ́ẹ́rẹ́

Ilé ẹ̀kọ́ wọlé. Ìdajì àwọn ọmọ ṣì wà lóko. Karosíìnì tún ti wọ́n sí i.

Sátidé, 12 Ṣẹ́ẹ́rẹ́

Mo ti kà á fún wọn, ó sì dùn mọ́ wọn dé ìdí. N kò jókòó kà á, mo dìde. Kí Oníyọ̀ tó gbé àpò rẹ̀ dé ìlú kejì, Bámgbóṣé ti ń di ẹ̀gbẹ́ mú. Mo wá kan ìlú kẹta, ibi tí adẹ́tẹ̀ ti jáde wá ra iyọ̀. Láti ìgbà tí mo ti wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ni mo ti fẹ́ràn ibẹ̀. Wọ́n ń ju iyọ̀ sí i láti òkèèrè, ó ń fi ọwọ́ tí kò ní ìka wá a kiri nínú iyẹ̀pẹ̀, Oníyọ̀ sì ń sín in jẹ títí àwọn ará ọjà fi lé e jáde. Mo ká ìka mi kò, mo fi imú sọ̀rọ̀, mo tiro yí tábìlì po. Sarah rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Rhoda ní kí n jọ̀ọ́ kí n jókòó, ẹ̀rín fẹ́ pa òun. Ìbítóyè náà rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní a kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí nínú Ẹgbẹ́. Bámgbóṣé ti yá a lọ. Mo jẹ iyán àjẹyó.

Sátidé, 19 Ṣẹ́ẹ́rẹ́

Ìbítóyè kò wá. Sarah ní orí ń fọ́ ọ.

Sátidé, 26 Ṣẹ́ẹ́rẹ́

Kò tún wá. Níbi iṣẹ́, ó ń kí mi bí ó ti yẹ, ó sì ń kọjá lọ. Mo ro gbogbo ohun tí mo ti bá a sọ látìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ ti wọlé, n kò rí ọ̀kan tó burú.

Wẹ́sìdé, 30 Ṣẹ́ẹ́rẹ́

Ọwọ́ mi kò fẹ́ kọ ohun tí mo gbọ́ lónìí.

Mo lọ bá Ìbítóyè nílé lẹ́yìn iṣẹ́. Ó fún mi ní àga, òun sì dúró. Mo ní, “Bí mo bá ṣẹ̀ ọ́ níbi iṣẹ́, sọ ọ́ fún mi.”

“Ẹ kò ṣẹ̀ mí níbi iṣẹ́, sà.”

“Kí ló wá dé tí o kò wá sí Ẹgbẹ́ mọ́?”

Ó lọ ti ilẹ̀kùn kí ó tó dá mi lóhùn. Ó ní, “Ìyá mi wà níbùdó àwọn adẹ́tẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti wà ní kíláàsì kẹta ni. Kò sí ẹni tó mọ̀ ní Kabba. Sarah kò mọ̀.”

N kò mọ ohun tí ojú mi ń ṣe. Mo ní, “Ìbítóyè, n kò mọ̀ o.”

“Mo mọ̀ pé ẹ kò mọ̀. Tiyín kọ́ ló ń dùn mí jù. Mo rẹ́rìn-ín, sà. Ẹ rí mi. Mo fi ìyá mi rẹ́rìn-ín kí ẹnikẹ́ni má bàa wo ojú mi kó rí nǹkan níbẹ̀.”

Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi tí mo ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ó dì mí lápá. Ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀ mí ni pé kí ọ̀rọ̀ náà má jáde. Ògìdì ni bàbá Sarah, Bàbá Ọláníran, ń gbé. Alàgbà ìjọ ni, èèyàn líle. Ìbítóyè ti sọ fún wọn pé ìyá òun ti kú. Ó ní ọjọ́ tí òun sọ ọ́, òun kò lè jẹun.

Mo ṣèlérí fún un. Mo ń rìn bọ̀ wálé, mo rí i pé mo ṣì ká ìka mi kò nínú àpò ṣòkòtò.

Sátidé, 2 Èrèlé

Àwa mẹ́rin ló pé. Bámgbóṣé dá Oníyọ̀ padà. Ó ti kọ́ ohùn imú náà, ó sì fi kí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Sarah tún rẹ́rìn-ín. Ǹ bá ní kí ó dákẹ́, ṣùgbọ́n kí ni màá ní ó fà á? Nígbà tí wọ́n bi mí pé ìwé wo ló wà lọ́wọ́ mi, mo ní ojú ń dùn mí.

Fráídè, 8 Èrèlé

Àwọn ọdẹ ti dáná sun igbó apá ìsàlẹ̀. Eérú ń bọ́ sórí aṣọ tí Rhoda sá. Ara mi kò gbà mí. Mo fẹ́ lọ wo obìnrin náà. Bí n kò bá lọ, n kò rò pé mo lè tún ṣí ìwé kankan.

Sátidé, 9 Èrèlé

Mo parọ́ fún Rhoda pé mò ń lọ kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní Iyah-Gbede. Mo di iṣu mẹ́ta àti iyọ̀ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ojú ọ̀nà ni mo ti rántí pé iyọ̀ ni mo gbé lọ. Mo sọ ọ́ sínú igbó.

Ibùdó náà mọ́ ju ilé ẹ̀kọ́ wa lọ. Wọ́n fi ilé ìyá náà hàn mí. Ó ń bó ẹ̀gúsí. Ìka méjì péré ló kù lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ kí mi: “Okun o.” Mo ní èmi ni Olúbọ̀dé, ọ̀gá ọmọ rẹ̀.

“Tíṣà tó ni Ẹgbẹ́ Ìwé.” Ó fi ẹnìí hàn mí. “Ẹ jókòó. Mo mọ̀ yín. Mo mọ gbogbo yín. Bó bá ti wá lọ́jọ́ Ìsinmi, a máa sọ ohun tí kálukú kà fún mi. Kọfí ni Bámgbóṣé. Obìnrin inú aṣálẹ̀ náà ńkọ́, ó ti rí omi?”

Mo ní ó ti rí omi.

Ó ní dókítà ti sọ láti ọdún méjì sẹ́yìn pé àrùn náà ti kúrò lára òun, òun lè máa lọ sílé. Òun ló ní kí Ìbítóyè gbéyàwó ná, kí òun má bàa ba nǹkan jẹ́ fún un. Ó sọ ọ́ bí ẹni sọ pé kí òjò dá ná kí òun tó jáde.

Lẹ́yìn náà ló wá ní, “Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sọ ìwé kankan fún mi mọ́. Èyí tó sọ kẹ́yìn, ó ní Tíṣà ka ìwé Oníyọ̀ kan, gbogbo yín sì rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ó sọ ọ́ kí èmi náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti gbàgbé. Ìbítóyè kì í gbàgbé ìwé. Ẹ sọ ọ́ fún mi.”

Mo sọ ti ìlú kìn-ín-ní. Ó rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ. Mo sọ ti ìkejì. Mo fò dé ìkẹrin. Ó dá mi dúró.

“Ìkẹta ńkọ́?”

“Kò sí nǹkan gidi níbẹ̀, Ìyá.”

“Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

Mo sọ ọ́. N kò lo imú, n kò ká ìka, ilẹ̀ ni mò ń wò. Mo sọ bí wọ́n ṣe ju iyọ̀ náà, bí ó ṣe ń wá a nínú iyẹ̀pẹ̀, bí wọ́n ṣe lé e jáde. Nígbà tí mo parí, ó ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

Ó wá ní, “Nígbà tí wọ́n lé e jáde, ibo ló lọ?”

Mo ní, “Ìyá, ìwé náà kò sọ.”

“Kò tún dé ibì kankan nínú ìwé náà?”

“Kò dé ibì kankan.”

“Iyọ̀ náà ńkọ́, ó rí i ṣà?”

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń ka ìwé yìí, n kò bi ara mi rí. Mo ní n kò mọ̀. Ó ní, “Ó dáa,” ó sì ní kí n gbé ẹ̀gúsí díẹ̀ lọ fún ìyàwó mi. N kò sọ pé kí ó jọ̀wọ́ kí ó foríjì mí. Kí ni màá ní kí ó tìtorí rẹ̀ foríjì mí? Kò mọ̀ pé mo tiro.

Mo gbọ́dọ̀ kọ èyí tó kù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ jáde sójú títì ni lọ́ọ̀rì kan dúró pọnmi. Benjamin ará Ògìdì, tí òun àti Bàbá Ọláníran jọ ń ṣe ìgbìmọ̀ ìjọ, yọrí jáde. “Ha, Tíṣà. Kí lẹ wá ṣe níhìn-ín?”

Mo ní, “Ìyá olùkọ́ wa kan ni mo wá kí.”

Ó ní Olúwa yóò san án fún mi. Lọ́ọ̀rì lọ. Mo dúró sójú kan náà pẹ̀lú ẹ̀gúsí lọ́wọ́. Olùkọ́ mélòó la jẹ́ nílé ẹ̀kọ́ wa? Ìyá ta ni ẹnikẹ́ni kò rí rí?

Mọ́ńdè, 18 Èrèlé

Kò sí nǹkan kan. Bóyá Benjamin kò fi í ṣe ọ̀rọ̀. Mo rí Ìbítóyè tó ń fún àwọn ọmọ ní orin ìṣirò, mo sì yà sí ọ̀nà kejì.

Fráídè, 22 Èrèlé

Rhoda ti ọjà dé, kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tó fi sọ fún mi. Bàbá Ọláníran ti dá ẹrù ìdána Ìbítóyè padà. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sójúde ilé rẹ̀ ní ọ̀sán gangan: iṣu, aṣọ, Bíbélì, gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ adẹ́tẹ̀ ni, ó sì bò ó mọ́lẹ̀.

“Ta ló ní ẹnu tó gùn tó bẹ́ẹ̀?” ni Rhoda wí.

Mo sọ fún un pé èmi ni. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan irọ́ Iyah-Gbede. Kò bínú bí mo ti rò. Ó wò mí títí, ó ní, “Bàbá Mary, nítorí tìyá yẹn lẹ ṣe lọ, àbí nítorí tiyín?”

Ó mọ̀, èmi náà mọ̀.

Sátidé, 23 Èrèlé

A kò pàdé.

Sọ́ńdè, 24 Èrèlé

Mo lọ bá Ìbítóyè lẹ́yìn ìsìn. Ẹrù náà ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò tíì gbé e wọlé. Mo ní, “Èmi ni mo sọ fún Benjamin. N kò mọ̀ọ́mọ̀.”

Ó jókòó. Ó béèrè ohun tí mo wá lọ sí ibùdó. Mo ní mo fẹ́ tuúbá ni. Ó mi orí.

“Sà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tuúbá fún mi mọ́. Ìgbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ tuúbá ni nǹkan mi ń bàjẹ́.”

Mo ní màá lọ sí Ògìdì lọ́la lọ bẹ Bàbá Ọláníran.

“Ẹ má lọ,” ni ó wí. Kò gbé ohùn sókè. “Ẹ jókòó sílé yín.”

Mo ti wá jókòó sílé mi.

Mọ́ńdè, 4 Ẹrẹ́nà

Àwọn òbí méjì ti wá sọ pé àwọn kò fẹ́ kí ọmọ wọn wà ní kíláàsì Ìbítóyè. Mo ní bí wọ́n bá fẹ́ mú ọmọ kúrò nílé ẹ̀kọ́, kí wọ́n mú un, ṣùgbọ́n kíláàsì kò ní yí padà. Bí mo ti ń sọ ọ́, ọ̀kan nínú wọn ní, “Ẹ̀yin náà ni gbogbo ayé ní ó tú u fó.” Ọmọ kan ti lọ. Èkejì ṣì ń wá.

Sátidé, 9 Ẹrẹ́nà

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ díẹ̀, ó pa eruku, ó sì dá. Sarah wá. Ó ti rù. Mo rò pé ó wá bú mi ni. Ìwé Oníyọ̀ ló wá yá.

Mo ní, “Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Mo fẹ́ ka ibẹ̀ fúnra mi. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù.” Ó jókòó sórí pèpéle, ó kà á níṣojú mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó pa á dé, ó ní, “Ó kọ́kọ́ bí mi nínú pé Ìbítóyè kò sọ fún mi. Ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́, ó ní ìyá òun ti kú. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èmi ni òun, tí mo sì gbọ́ ẹ̀rín tí mo rín lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin sà, ṣé màá sọ?”

Mo ní, “Èmi ni mo mú ọ rẹ́rìn-ín.”

“Ẹ kò fi ọwọ́ la ẹnu mi.” Ó yíjú sí Rhoda. “Àǹtí, mo fẹ́ lọ kí Ìyá. Ẹ bá mi lọ.”

Rhoda ní ó ti yá. Kò sí ẹni tó ní kí n tẹ̀lé wọn, n kò sì béèrè.

Sátidé, 16 Ẹrẹ́nà

Wọ́n lọ ní kùtùkùtù, ọ̀sán ni wọ́n dé. Èmi ni mo wẹ Mary, tí mo se ẹ̀wà, ẹ̀wà náà sì jóná. Rhoda ní nígbà tí ìyá náà gbọ́ ẹni tí Sarah jẹ́, ó ń fi etí ìró rẹ̀ bo ọwọ́ ọ̀tún. Sarah ní kí ó má bò ó. Ìyá ní, “Ṣé bàbá rẹ mọ̀ pé o wá?” Sarah ní òun yóò sọ fún un kí òòrùn tó wọ̀. Ó sì sọ fún un lóòótọ́. Láti ọ̀dọ̀ wa ló ti gba Ògìdì lọ.

Rhoda ní ìyá béèrè mi. Mo ní kí ló sọ. Ó ní, “Ó ní kí a kí Tíṣà, pé ẹni tó bá sọ òótọ́ fún arúgbó, ó ṣeun.”

Ó sàn kí ó bú mi.

Tọ́sìdé, 28 Ẹrẹ́nà

Sarah mú ìròyìn wá síbi iṣẹ́. Bàbá rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Níkẹyìn, ó wọ lọ́ọ̀rì, ó lọ bá dókítà ibùdó fúnra rẹ̀. Dókítà sọ fún un pé obìnrin náà mọ́ bí òun alára ti mọ́. Ó wálé, ó ní òun kò ní dí wọn lọ́wọ́ mọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni yóò fa ọmọ lé ọkọ lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí àbúrò òun ṣe é. Sarah sunkún bó ti ń sọ ọ́. Mo ní kí ó máa lọ sílé, màá mójú tó kíláàsì rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ní kí n ka ìtàn. Mo ní kí wọ́n kọrin.

Sátidé, 6 Igbe

Òjò gidi rọ̀ mọ́jú. Gbogbo ìlú ti gbé ọkọ́ lọ sóko.

Ìbítóyè mú ìyá rẹ̀ wálé lónìí. Sarah wà pẹ̀lú wọn. Láti ibùdókọ̀ sí ilé rẹ̀ jìn fún ẹsẹ̀ ìyá náà, Rhoda sì ti ránṣẹ́ pé kí wọ́n yà sọ́dọ̀ wa sinmi. Wọ́n gba àárín ọjà kọjá. Rhoda lọ pàdé wọn, ó gbé ẹrù ìyá náà lé orí. Àwọn kan kí wọn, àwọn kan sì fa ọmọ wọn sẹ́yìn. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà mi.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó ní, “Okun o, Tíṣà. Ẹ dìde, ilẹ̀ tutù.” Ìbítóyè kí mi. Ó ti ń kí mi láti ọjọ́ yìí wá, ìkíni níbi iṣẹ́ náà ni. A jókòó. Sarah ń sọ bí lọ́ọ̀rì ṣe rì sínú ẹrẹ̀, tí gbogbo èrò fi bọ́ sílẹ̀ tì í. Ó sọ ọ́ dáadáa, ẹ̀rín sì pa wá díẹ̀.

Rhoda bu omi tútù sínú igbá, ó kúnlẹ̀ gbé e fún ìyá náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé igbá náà mu, ó mu ún dé ìdajì. Ó wá na èyí tó kù sí mi gẹ́gẹ́ bí àgbà ti í ṣe. Ó ní, “Tíṣà, ẹ mu.”

Mo mọ ohun tí dókítà wí. Mo ti bá òbí méjì jà lórí rẹ̀. Igbá náà wà láàárín wa, etí ibi tó ti mu ṣì tutù, ọwọ́ mi sì wà lórí orúnkún mi.

Mo gbà á, mo mu ún tán. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́kọ́ lọ́ra, ojú Ìbítóyè sì wà lára mi ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń lọ́ra. Ó dìde, ó gba igbá tó ṣófo náà lọ́wọ́ mi, ó ní, “Ẹ ṣé, sà,” bí ẹni ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí.